Ọjọ́ kan nínú ìwé, ọjọ́ márùn-ún ní tẹ́ṣàn

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, gàrí àti ẹ̀lùbọ́ ni mò ń tà. Àbúrò mi ọkùnrin ń gun ọ̀kadà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gba ọ̀kadà lọ́wọ́ oníṣòwò kan pé òun yóò máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò san án tán tó fi sá lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kò rí ọ̀rẹ́ náà, àbúrò mi ni wọ́n wá mú. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n mú un, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tó fi í sílẹ̀, lẹ́yìn tí a san ohun tí wọ́n pè ní owó béèlì. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì fi abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà hàn mí lórí fóònù, pé ọjọ́ kan ni wọ́n lè fi ti èèyàn mọ́lé kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù. Mo mú fóònù náà lọ bá ọ̀gá tó wà lórí káńtà. Ó ní, 'Màmá, ìwé nìyẹn o, ibí ni tẹ́ṣàn.' Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé ẹ̀tọ́ tí wọ́n kọ yìí wà lóòótọ́, àbí wọ́n kàn kọ ọ́ ni?"

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ewu àbúrò yín. Ẹni tó bá ti sun sẹ́ẹ̀lì rí ló mọ bí ọjọ́ márùn-ún ṣe gùn tó níbẹ̀.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé ẹ̀tọ́ náà wà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí àbúrò yín lọ́nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ìdáhùn gígùn ni ìdí tí ọ̀gá orí káńtà fi lè wo ojú yín kó sọ ohun tó sọ láìbẹ̀rù. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí jù, torí ìbéèrè yín gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jọ ka ìwé náà. Abala 35 ní ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gba ìwé láàárín wákàtí 24, tí yóò sọ ìdí tí wọ́n fi mú un, ní èdè tó gbọ́. Ẹ kò sọ pé wọ́n fún àbúrò yín ní ìwé kankan, kò sì ní yà mí lẹ́nu bí wọn kò bá fún un. Abala yìí kan náà ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú ilé ẹjọ́ láàárín àsìkò tó bójú mu, ó sì wá ṣàlàyé àsìkò náà fúnra rẹ̀: ọjọ́ kan ni, bí ilé ẹjọ́ tó láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n tì í mọ́. Níbi tí kò bá sí irú kóòtù bẹ́ẹ̀ nítòsí, ó di ọjọ́ méjì, tàbí kó lé díẹ̀ bí ilé ẹjọ́ bá rí ìdí fún un. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó kò tó kìlómítà 20, Ìkẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ sì ní kóòtù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó yẹ kí àbúrò yín ti dúró níwájú adájọ́ tàbí kó ti wà nílé.

Ìyẹn tilẹ̀ ni bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíràn. Bàbá kò lè wọ sẹ́ẹ̀lì torí ọmọ, ìyàwó kò lè wọ ibẹ̀ torí ọkọ, ká má tíì sọ ọ̀rẹ́ torí ọ̀rẹ́. Òfin yìí náà kò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn òwò tó dàrú. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì ti sọ ọ́ gbangba ní 2018, nínú ẹjọ́ kan tó kan báńkì kan, pé gbígba gbèsè kò sí lára iṣẹ́ EFCC, àjọ ìjọba tó ń mú àwọn oníjìbìtì owó. Oníṣòwò tó ni ọ̀kadà ní ẹjọ́ lóòótọ́, kóòtù ló yẹ kó gbé e lọ. Ní ti owó béèlì, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tẹ́ṣàn: ọ̀fẹ́ ni béèlì, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń kọ ọ́ sára ògiri wọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá ṣe kedere tó báyìí, kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé yẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta gàrí mọ ọ̀rọ̀ kóńgò ju èmi lọ. Orúkọ kan náà ni kóńgò ń jẹ́ káàkiri ọjà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ni gàrí wà. Ẹnìkan á fọwọ́ kó o títí yóò fi ga ṣóńṣó, ẹlòmíràn á ti gbá ìdí kóńgò wọlé kó tó dé ọjà. Bí oníbàárà bá fura, ìyálọ́jà ló máa sáré lọ bá, bí ìyálọ́jà bá sì ní kí wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí ẹ̀tọ́ ṣe rí nìyẹn. Àwọn tó ṣe ìwé òfin 1999 kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Adájọ́ ló ń wọ̀n ọ́n fúnni nígbà tó bá túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ rí i pé ohun tí adájọ́ wọ̀n dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń wọ̀n. Ìwé òfin ní wọn kò gbọ́dọ̀ dí ọmọ Nàìjíríà kankan lọ́wọ́ láti jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Abala náà kò dárúkọ páásípọ́ọ̀tù rárá. Ní 1992, àwọn SSS, ọlọ́pàá inú ti ìjọba àpapọ̀, gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ Olisa Agbakoba, agbẹjọ́rò tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tó ń lọ sí Netherlands. Ìjọba ní òun ni òun ni páásípọ́ọ̀tù, pé òun lè gbà á nígbà tó bá wù òun. Bí ẹnìkan bá ka abala yẹn bí ó ṣe wà, láìfi ọgbọ́n sí i, ó lè sọ pé ìjọba jàre. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ní 1999 pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti jáde kò lè jáde láìsí ìwé ìrìnnà, nítorí náà ẹ̀tọ́ kan gbé èkejì dání, ìjọba kò sì lè kàn gbà á láìsí òfin tó fún un láṣẹ. Ọdún méje ni wọ́n fi fà á. Títí di òní, ọ̀rọ̀ páásípọ́ọ̀tù kò sí nínú abala náà, síbẹ̀ ìdájọ́ yẹn ń ṣọ́ gbogbo ọmọ wa tó ń fi páásípọ́ọ̀tù rìn.

Èyí tó kan àwa ará Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n ńkọ́? Ó dá mi lójú pé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí a kì í bá ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ dìbò gómìnà lọ́jọ́ kan náà. Gbólóhùn kan ló fà á. Abala 180 ní ọdún mẹ́rin ni gómìnà yóò lò láti ọjọ́ tó búra. Ní Anambra, oṣù kẹta 2006 ni Peter Obi tó búra, lẹ́yìn tí kóòtù dá ipò rẹ̀ padà fún un. Àjọ elétò ìdìbò kò wo ìyẹn, wọ́n ṣètò ìbò tuntun ní oṣù kẹrin 2007, wọ́n sì búra fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọjọ́ tí ọkùnrin yìí búra ni kí wọ́n máa kà láti ibẹ̀, kí ẹni tuntun náà sì dìde lórí àga. Kò pẹ́ tó fi kàn wá. Ìbò tí a dì ní oṣù kẹrin 2007 di ẹjọ́, wọ́n tún un dì láwọn ibì kan ní 2009, ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀, títí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlọrin fi sọ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2010 pé Káyọ̀dé Fáyẹmí ló wọlé. Ó búra lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ti di ọjọ́ ìbúra gómìnà lọ́dọ̀ wa, tí a sì dìbò gómìnà ní 2014, 2018 àti 2022. Ẹni tó tẹ̀ka ní oṣù kẹrin 2007 dúró di oṣù kẹwàá 2010 kó tó mọ ibi tí ìbò rẹ̀ gbà. Mo mọ àwọn àgbà tí wọ́n kú láàárín ìgbà náà.

Àmọ́ o, ìtumọ̀ a máa fún ẹ̀tọ́ pa náà, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé gbogbo ìgbà ni ẹni tó ń wọ̀n máa ń fọwọ́ kó o. Ní oṣù kejì 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè. Màmá náà kú ní ọdún tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 1985, wọ́n ní òfin tó wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ kò gbà kí wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, òfin àwọn òyìnbó tó ní ọba kì í ṣẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ìwé òfin 1979 ti mú ààbò yẹn kúrò lórí ìjọba, ṣùgbọ́n kò lè padà sẹ́yìn lọ gba ẹbí náà. Mo ti ka ìdájọ́ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì ń dùn mí.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò yín jù nìyí. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn ńlá kan èèyàn, bí ìdigunjalè, kóòtù májísíréètì kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ọlọ́pàá á ṣì gbé e lọ síwájú májísíréètì, á ní kí wọ́n bá òun fi í pa mọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ná. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ní 1993 pé òfin kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò burú bí òfin ìpínlẹ̀ bá ti fún májísíréètì láṣẹ, torí pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nípa òmìnira ẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láàárín ìgbà méjèèjì. Ẹni tó ń kà á ló kà á lọ́nà mìíràn. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà lónìí tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi ohunkóhun. Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ti gbìyànjú láti fi gbèǹdéke sí i, ọjọ́ 14 lẹ́ẹ̀kan, kí adájọ́ sì tún wò ó. Èmi gbà pé ìdájọ́ 1993 ló súnmọ́ ohun tí ìwé sọ, mo sì mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn ní 1868 pé òfin gbọ́dọ̀ dáàbò bo gbogbo èèyàn bákan náà. Ní 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ ní kò burú bí aláwọ̀ dúdú bá jókòó lọ́tọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní 1954, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ka gbólóhùn yìí kan náà, ó ní yíya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ nílé ìwé lòdì sí i. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ dúdú mẹ́sàn-án fẹ́ wọ ilé ìwé kan ní Little Rock ní 1957, Ààrẹ Eisenhower ní láti rán sójà sin wọ́n wọlé. Ìwé wà, ìdájọ́ wà, ó ṣì ku ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ lè bi mí nípa ilé ìwé ọ̀fẹ́ àti ilé ìwòsàn tí àwọn olóṣèlú máa ń sọ pé ó wà nínú ìwé òfin. Ó wà níbẹ̀, ní orí kejì, ṣùgbọ́n abala 6 ti sọ pé ẹ kò lè fi orí kejì pe ìjọba lẹ́jọ́, àfi bí wọ́n bá fi òfin mìíràn gbé e ró, bí òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004. Ti àbúrò yín wà ní orí kẹrin, ìyẹn sì ṣe é gbé lọ sí kóòtù.

Ó wá ku ìyálọ́jà.

Abala 287 ní gbogbo aláṣẹ àti gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ kóòtù ṣẹ. Àmọ́ ẹ rò ó wò: kí ni adájọ́ ní lọ́wọ́? Ó ní gègé, ó ní akódà tó ń pín ìwé. Kò ní sójà, kò ní ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá tó yẹ kó bá a mú ìdájọ́ ṣẹ, wọ́n wà lábẹ́ ìjọba, ìjọba ni ẹ sì pè lẹ́jọ́. Ní oṣù kejìlá 2016, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ kí wọ́n tú Ibraheem El-Zakzaky, olórí ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí Ṣíà ní Nàìjíríà, àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 45, kí wọ́n sì san ₦50 mílíọ̀nù fún wọn. Oṣù keje 2021 ni wọ́n tó jáde, lẹ́yìn ẹjọ́ mìíràn tí wọ́n tún gbé dìde ní Kàdúná. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má fara mọ́ ohun tí ọkùnrin náà gbà gbọ́, ó ṣeé ṣe kí inú yín tilẹ̀ má dùn sí i. Irú àṣẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ náà ni àbúrò yín máa nílò bí wọ́n bá tún mú un lọ́la.

Ti owó tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ẹ bá borí ìjọba, tí ẹ fẹ́ gba owó náà láti inú àpò tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin kan láti ayé àwọn òyìnbó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba. Òun náà ni ọ̀gá àwọn tó dúró níwájú adájọ́ láti takò yín. Ilé ẹjọ́ ti dín agbára òfin náà kù díẹ̀ nínú àwọn ẹjọ́ kan, kò tíì kúrò nílẹ̀.

Mo gba ẹjọ́ káfíńtà kan rò ní Adó nígbà kan. Wọ́n ti tì í mọ́lé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lórí ẹ̀sùn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A borí. Adájọ́ ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba, nítorí abala 35 sọ méjèèjì. Ọdún mẹ́rin ni owó náà fi jókòó kó tó jáde. Èmi rò pé owó ni yóò máa béèrè nígbàkúùgbà tó bá yà sí ọ́fíìsì mi. Àforíjì ló ń béèrè. Ó ní àwọn ọmọ àdúgbò òun ti sọ òun ní olè, pé bí ìwé ìròyìn bá gbé e jáde pé wọ́n ṣi òun mú ni, òun á gé e, òun á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àforíjì náà kò jáde títí di òní. Nígbà mìíràn tí mo bá ń kọjá ní àdúgbò rẹ̀, mi ò kì í fẹ́ kó rí mi.

Kóòtù fúnra rẹ̀ tilẹ̀ nílò ẹni tó máa dáàbò bò ó. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, àwọn jàǹdùkú ya wọ ilé ẹjọ́ gíga ní Adó-Èkìtì yìí, wọ́n na adájọ́, wọ́n ya ìwé, kóòtù sì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó wà ní sẹ́ẹ̀lì lákòókò yẹn, níbo ni wọn ì bá gbé e lọ kí ọjọ́ kan tó pé?

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún yín pé asán ni. Nígbà tí ológun ń ṣèjọba, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Nígbà tí ìjọba wá bẹ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ lọ́wẹ̀ ní 1986 pé kó dá àṣẹ tó ní kí ọkùnrin náà padà sílé dúró, wọ́n kọ̀ ọ́ fún un, wọ́n ní ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ òfin lójú kò lè wá máa bẹ òfin. Ẹ rántí pé ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Láti ọjọ́ náà ni àwa agbẹjọ́rò ti ń gbé ìdájọ́ yẹn lọ síwájú adájọ́, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé àti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ katapílà.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹbí yín máa sọ bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí jókòó. Wọ́n á ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Òwe náà dára, mo máa ń pa á fún àwọn ọmọ ìyá tó ń jà lórí ilẹ̀ oko, torí pé lẹ́yìn ìdájọ́ wọ́n ṣì máa pàdé nídìí òkú àti nídìí ìgbéyàwó. Ọlọ́pàá tó ti àbúrò yín mọ́lé kì í ṣe ẹbí yín. Wọ́n lè gbé e lọ sí Sókótó lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó ń bọ̀ wá bá yín ní Ìkẹ́rẹ́ ni ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, òun náà á sì bá irú ìwà tó bá lórí káńtà yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ní Èkìtì ni pé a máa ń wá ẹni ńlá tó máa fóònù DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn. A ó wá ìjòyè, a ó wá ọmọ ìlú tó wà ní ipò, a ó wá pásítọ̀. Wọ́n á fóònù, wọ́n á tú ọmọ náà sílẹ̀, a ó dúpẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní sẹ́ẹ̀lì kò ní àkókò láti dúró de kóòtù, èmi náà ti bá èèyàn fóònù rí. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìpè náà kọ́ ọ̀gá orí káńtà: ó kọ́ ọ pé àwọn tó ní èèyàn ló ní ẹ̀tọ́. Àpọ́nlé la sọ ọ́ di. Ọmọ tí kò ní ẹni tó máa fóònù fún un, inú sẹ́ẹ̀lì náà ló máa wà, kódà bó bá ti ka abala 35 sórí. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga tó ní kí tẹ́ṣàn kan san owó ló máa ń mú kí ọ̀gá tẹ́ṣàn kejì ka ọjọ́.

Kí lẹ lè ṣe báyìí tí àbúrò yín ti jáde? Ó pọ̀. Jíjáde rẹ̀ kò pa ẹjọ́ náà rẹ́. Abala 46 fún un láyè láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ní 2009, adájọ́ àgbà Nàìjíríà ṣe ìlànà tuntun tó mú ọ̀nà náà rọrùn. Tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín oṣù 12. Ìlànà 2009 mú méjèèjì kúrò. Ó ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sí láàárín ọjọ́ méje tí wọ́n bá ti fi ìwé sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdájọ́ fúnra rẹ̀ lè gba oṣù mélòó kan, kì í yá tó bí ìwé ṣe sọ. Bí ẹ̀rù bá ń ba àbúrò yín, ẹlòmíràn tàbí ẹgbẹ́ kan lè gbé e lọ lórúkọ rẹ̀. Bí owó agbẹjọ́rò bá wọ́n jù fún yín, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Adó, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní gba ẹjọ́ rò. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà ń gba ẹ̀sùn láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé ẹ kò mọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ ní 2013 pé bó bá ti hàn pé wọ́n ti èèyàn mọ́lé láìtọ́, owó gbà-má-bínú tọ́ sí i, kódà kó má dárúkọ iye kan. Ẹ rí i dájú pé agbẹjọ́rò yín béèrè fún àforíjì náà, kó sì béèrè fún ibi tí wọ́n máa gbé e jáde àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde. Ohun tí mi ò ṣe fún káfíńtà yẹn nìyẹn: mo béèrè fún àforíjì lásán, wọ́n sì fi í jókòó.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò nílò ẹjọ́ fún. Òfin Ọlọ́pàá 2020 ní kí májísíréètì àgbà máa lọ wo àwọn tẹ́ṣàn tó wà ní àdúgbò rẹ̀ lóṣooṣù, kó wo ìwé àwọn tí wọ́n mú, kó sì lè pàṣẹ béèlì níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ ọjà lè kọ lẹ́tà sí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i papọ̀, kẹ́ ẹ bi í lọ́nà ọ̀wọ̀ pé ìgbà wo ló lọ sí tẹ́ṣàn yẹn kẹ́yìn. Lẹ́tà tí ìyálọ́jà fọwọ́ sí kò rọrùn láti jù síbi kan.

Àfidáfíìtì àbúrò yín, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tó máa búra lé, ni gbogbo rẹ̀ máa dúró lé, ohun tó sì máa ń pa irú ẹjọ́ yìí ni pé ọjọ́ máa ń dàpọ̀ mọ́ ara wọn lórí èèyàn. Nítorí náà, kó tó sùn lálẹ́ òní, ẹ jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ ọ́ sílẹ̀: aago tí wọ́n mú un lọ́jọ́ Ajé, ibi tó wà, ẹni tó rí i, orúkọ IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà, tó gba sítétímẹ́ǹtì lẹ́nu rẹ̀, ohun tí wọ́n ní kó buwọ́ lù, iye tẹ́ ẹ san àti ẹni tẹ́ ẹ fún. Bó bá jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti fi owó náà ránṣẹ́, ẹ má pa ìsọfúnni báńkì náà rẹ́. Ẹ kọ ohun tí ọ̀gá orí káńtà sọ fún yín náà sílẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí àbúrò yín kò bá gbọ́ òyìnbó, kó sọ ọ́ fún agbẹjọ́rò ní Yorùbá, kí wọ́n sì tún kà á sí i létí ní Yorùbá kó tó búra lé e, kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa dé iwájú adájọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde.